Ọdún Mẹ́rìndínlógún Tí Safurat Fi Wá Ìṣirò

Bí ẹ bá dé ilé-ìwé girama wa lẹ́bàá Lálúpọn láàárọ̀, kí agogo méje tó lù, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ni Safurat. Òun ló ń ṣí kíláàsì, òun ló ń gbá ọ́fíìsì, òun náà ló ń lu agogo. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Nímọ̀, nítorí pé Nimotallahi ọmọ rẹ̀ wà ní SS3 níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń pè é ní Safu, wọ́n sì ń rán an níṣẹ́ bí ẹni rán ọmọ àná, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ogójì ọdún. Èmi ni akọ̀wé ilé-ìwé náà. Olúfúnmi lorúkọ mi, Sanmí ni àkọ́bí mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti jókòó nídìí tábìlì yẹn, tí mò ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Bàbá mi kọ́ni nílé-ìwé ìjọ Áńgílíkà, ìyá mi náà kọ́ni, nítorí náà bí nǹkan kan bá ti jẹ mọ́ ìwé lágbègbè wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: obìnrin tí inú máa ń tètè bí, tí kì í sì í fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀.

Ohun tí Safurat ń fẹ́ láyé kò pọ̀. Ó fẹ́ wọ yunifásítì, irú èyí tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó sì di olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa dìde kí òun nígbà tí òun bá wọ kíláàsì, dípò kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sókè kí òun lè gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìṣirò ló dí i lọ́nà. Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣekágbá, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà nínú wọn. Lọ́dún 2003 tí Safurat ṣe WAEC tirẹ̀ ní ilé-ìwé wa yìí kan náà, mẹ́rin ló rí gbà: Yorùbá, ìmọ̀ ẹ̀sìn, ìmọ̀ ìjọba àti lítíréṣọ̀. Gẹ̀ẹ́sì lọ, Ìṣirò lọ. Ó lọ́kọ, ó padà wá bá wa gbálẹ̀.

Lọ́dún 2009 ló wọ ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nimotallahi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn.

“Mọ̀mí Sanmí,” ó ní, “ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, kó má jáde lẹ́nu yín.”

Mo rò pé ọkọ ló lù ú. Ìdánwò ló fẹ́ tún ṣe. Ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún NECO, kò sì fẹ́ kí ẹ̀dá Ọlọ́run kankan gbọ́ títí èsì yóò fi jáde. Mi ò bi í pé kí ló dé, nítorí ọmọ ilẹ̀ yìí lèmi náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń wá nǹkan kì í sọ ọ́ títí nǹkan náà yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́lé kì í sọ, ẹni tó lóyún kì í sọ, ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ìgbà tí bàálù bá gbéra ni a ń gbọ́. Ayé le. Mo dá a lóhùn pé bí mo bá sọ ọ́, kí ẹnu mi wọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn pé èmi ló finú hàn.

Àwa méjèèjì ló gba fọ́ọ̀mù náà. Ká má bàa rí ojúlùmọ̀ nílé ìdánwò, Ìjàyè ló ti lọ ṣe é, lápá Akínyẹlé lọ́hùn-ún. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé òun ń lọ kómọ. Nígbà tí èsì jáde, ó gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì! F9 ni Ìṣirò, ṣùgbọ́n ta ló rí tiyẹn rò? A dì mọ́ra wa nínú ọ́fíìsì, a ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ohùn wa jáde. Mo wá gbà á nímọ̀ràn tí ẹ gbọ́dọ̀ fetí sí dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Mo ní, “Safurat, o ti mọ yàrá, o ti mọ pálọ̀. Ìdáná ló kù. Ta ló ń wó yàrá tó ti mọ dé líńtẹ́lì torí pé ó fẹ́ mọ ìdáná? Ìṣirò nìkan ni kó o máa ṣe, kó o fi ẹ̀kọ́ kékeré kan tì í lẹ́yìn. Má fọwọ́ kan Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Tó o bá tún un ṣe tó bọ́ ńkọ́?”

Ẹ wo gbogbo ilé tó wà láti Olódò títí dé Lálúpọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ẹlòmíràn á ra búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, á ra sìmẹ́ńtì lọ́dún tó ń bọ̀, koríko á hù nínú pálọ̀, ọdún kẹjọ á dé, wọ́n á kan páànù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ilé tèmi gan-an, ọdún mọ́kànlá ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ máa ń so èsì pọ̀, mo ti rí èyí tó so WAEC pọ̀ mọ́ NECO tó sì wọlé. Pé ó níye ìgbà tí èèyàn lè so pọ̀, kò wá sí mi lọ́kàn kí n bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni Safurat bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ìṣirò. Ọdún tó bá rọrùn, á forúkọ sílẹ̀, ọdún tí kò bá rọrùn, á fò ó. Nígbà mìíràn NECO, nígbà mìíràn GCE. F9. F9. E8. F9. Lọ́dún 2016 ó gba D7, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ayọ̀, nítorí ẹsẹ̀ kan ló kù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó padà sí F9. Bá a bá ka ti 2003 mọ́ ọn, ó ti jókòó ṣe Ìṣirò nígbà mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń lọ, ó máa ń sọ pé òun ń lọ kómọ tàbí pé òun ń lọ sin òkú ní Ìjàyè. Mísítà Ẹkúndayọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ Ìṣirò, sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn ẹbí Safu tó wà ní Ìjàyè yìí, tí wọ́n ń bí tí wọ́n sì ń kú lásìkò ìdánwò nìkan, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Gbogbo stáfúrúùmù rẹ́rìn-ín. Safurat náà rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin yẹn gan-an ló ń kọ́ Safurat láìmọ̀. Nígbàkúùgbà tí Ẹkúndayọ̀ bá wà ní kíláàsì SS3, Safurat á máa gbá iwájú fèrèsé. Mo ti rí i tó gbá ojú kan náà nígbà mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Nimotallahi dàgbà, á jókòó tì í bó bá ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, á ní òun fẹ́ rí i pé ó ṣe é. Ọmọ náà rò pé ìyá òun ń ṣọ́ òun ni, inú sì ń bí i. Kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kọ́ lógáríìmù. Ìbá rọrùn kó bi Ẹkúndayọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bó bá bi í, á bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ọ̀rọ̀ á sì tú.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí Safurat ti forúkọ sílẹ̀ fún ìkejìlá, tó sì ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó lọ sí Ìjàyè, nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ìjọba ti yí òfin padà. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ àátì kò nílò kírẹ́díìtì Ìṣirò mọ́ kó tó wọ yunifásítì. Mo wà nídìí tábìlì mi nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń lu tábìlì ní kíláàsì SS3 àátì bí ẹni pé bọ́ọ̀lù wọlé. Kò pẹ́, Mísítà Ẹkúndayọ̀ wọlé, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mọ̀mí Sanmí, ṣé ẹ gbọ́ ariwo yẹn? Wọ́n lé mi jáde ni!”

“Wọ́n lé yín jáde?”

“Ọmọ Safu ló dìde. Ó ní, ‘Sà, rédíò ti ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀.’ Bí gbogbo wọn ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ni! Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ?”

“Èmi lẹ wá bi?”

“Ẹ̀yin lẹ kúkú ń gba fọ́ọ̀mù.”

Mo sọ fún un pé mo máa wádìí. Kí n tó wádìí, ọjọ́ kejì mọ́, rédíò tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àná kò yé wa. Wọ́n ní dandan ṣì ni kí gbogbo ọmọ, àátì o, sáyẹ́ǹsì o, forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì ṣe é. Mo pa rédíò, mo tún tàn án, bóyá wọ́n á tún un sọ lọ́nà tó máa yé mi. Ọmọ máa forúkọ sílẹ̀ fún ohun tí kò nílò? Á kàwé rẹ̀, á jókòó ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ kò sí nǹkan kan? Kí wá ni wọ́n ń ṣe é fún? Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi pátápátá. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, òbí mẹ́ta ló wá. Mo sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé kí ọmọ rẹ̀ má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Mo sọ fún èkejì pé bí ọmọ rẹ̀ kò bá ní Ìṣirò, ilé ló máa jókòó sí. Ọmọ ẹnì kẹta wà ní kíláàsì àátì, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe, mo bá sọ méjèèjì fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Mísítà Ẹkúndayọ̀ ti lọ bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú. Ó padà wá ṣàlàyé fún mi, ó ń ka ọ̀rọ̀ lórí ìka. Ó ní kíkọ ìdánwò lọ́tọ̀, yíyege lọ́tọ̀, ohun tí ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ bèèrè tún lọ́tọ̀. Pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí èdè lè bọ́ nínú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì kò lè bọ́ láéláé, nítorí náà kí ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ má ṣe tètè yọ̀. Ó yé e dáadáa. Èmi ni kò yé. Mo kàn ń mi orí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Safurat wọlé, ó ti ilẹ̀kùn bó ṣe tì í lọ́jọ́sí.

“Mọ̀mí Sanmí, èmi ńkọ́?”

“Ìwọ bí i báwo?”

“Tí wọn ò bá bèèrè Ìṣirò mọ́, kí ni mo tún ń lọ ṣe n'Íjàyè? Àbí àwọn ọmọ tó ń jáde báyìí nìkan ni òfin náà wà fún, tí àwa àgbà ò sí níbẹ̀? Àbí ó kàn mí? Mi ò sùn lánàá, mà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa yọ̀ ni.”

Mo wo ojú rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo máa ń ní èsì fún un kó tó parí ìbéèrè. Lọ́jọ́ yẹn, rédíò orí tábìlì mi ni mo kọ́kọ́ pa. Mo wá ní kí a lọ síbi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì ọlọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà nígboro Ìbàdàn, ká lọ bi wọ́n lójúkojú. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan: a kò débẹ̀ rí. Nínú gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, ẹsẹ̀ wa kò tẹ ibẹ̀. Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí èsì kò tíì pé? Ta ló ń lọ pe káfíńtà nígbà tí ògiri kò tíì mọ?

Ọjọ́ Ẹtì la lọ. A wọ mọ́tò ní Ìyànà Ọ̀fà, a gba Olódò àti Mọnatán kọjá. Safurat gbé àpò ọ̀rá dúdú kan sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Gbogbo èsì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, látorí ti 2003. Kò sọ̀rọ̀ lọ́nà. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, mò ń sọ fún un bí a ó ṣe bá wọn sọ ọ́, pé kó jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí àwọn èèyàn ọ́fíìsì máa ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tolúlàṣẹ la bá nídìí tábìlì. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wa níjòókòó. Kí n tó la ẹnu, Safurat ti kó gbogbo èsì náà síwájú rẹ̀.

“Kí lẹ fẹ́ kà, mà?”

“Ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, sà.”

Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti 2003, ó yọ ti 2009, ó tò wọ́n síra, ó sì rọra ti àwọn yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Yorùbá, ìmọ̀ ẹ̀sìn, ìmọ̀ ìjọba, lítíréṣọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rèé nínú èyí. Márùn-ún ti pé. Ẹ lè gba fọ́ọ̀mù lónìí, mà.”

Safurat kò mira. “Ìṣirò ńkọ́, sà?”

“Wọn ò bèèrè rẹ̀ fún ẹ̀ka tiyín mọ́. Èsì yín ti tó.”

Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Mo ti rò pé a ó jà, mo ti rò pé a ó bẹ̀bẹ̀, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé. Inú mi dùn, mo tún dà bí ẹni tó fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní ká dìde, ká lọ gba fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n Safurat ń wo àwọn ìwé tí ọmọkùnrin náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa ti 2016 yọ.

“Sà, ẹ má bínú. Èyí tí mo ti gba D7 yìí. Ká ní C6 ni mo gbà níbẹ̀, tí mo wá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá yín lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ẹ̀ bá gbà mí?”

Tolúlàṣẹ gba ìwé náà, ó tò ó mọ́ méjì àkọ́kọ́. Ó wò wọ́n. Ó wá gbé ẹ̀kẹta kúrò, ó dá a padà fún un.

“Rárá, mà. Ìyẹn ti di ìkẹta. Èsì ìgbà méjì péré la máa ń so pọ̀, ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ bá ti tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀ mọ́ Ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ ju ti 2009 nù. Báyìí tẹ́ ẹ ṣe ń ṣe Ìṣirò nìkan, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gba A1, a kì bá wò ó.” Ó tún wo òkìtì ìwé náà, àánú sì ṣe é. “Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe é ná? Ta ló ń gbà yín nímọ̀ràn, mà?”

 Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé, ìyá ọmọ, ẹni tó ń ka bíbélì níwájú ìjọ, mo jókòó síbẹ̀ bí igi.

“Kò sí ẹnì kankan, sà,” Safurat dáhùn. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. “Èmi fúnra mi ni.”

A gba fọ́ọ̀mù. A jáde. Nínú mọ́tò, mi ò mọ̀ bóyá kí n kí i kú oríire ni àbí kí n kí i kú ará-fẹ́ra-kù. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí wà nínú àpò ọ̀rá yẹn, ọ̀nà ti là. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni mo ń rí gbogbo ìgbà tó fi jí ní ìdájí lọ sí Ìjàyè, òjò, oòrùn, ìgbà tó fi oyún èkejì tí kò dúró jókòó nínú gbọ̀ngán ìdánwò. Ká ní ó tiẹ̀ yege nínú ọ̀kankan nínú wọn, nídìí tábìlì yẹn ni wọ́n á ti dá a padà. Kí ni mo máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? 

A ti kọjá Olódò kí n tó lè sọ ọ́. “Safurat, èmi ni. Èmi ló ṣì ẹ́ lọ́nà. Foríjì mí.”

“Ẹ ò mọ̀ ni, mà.”

“Ó yẹ kí n bèèrè. Wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.”

“Èmi náà ò bèèrè. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má sọ.” Ó tún àpò ọ̀rá náà dì mú. “Mísítà Ẹkúndayọ̀ á ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ níwájú wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Iwájú fèrèsé wọn ni mo wà.”

Mo bi í bóyá yóò ṣì lọ ṣe ìkejìlá, níwọ̀n ìgbà tí kò wúlò mọ́. Ó ní òun máa lọ. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ṣe Ìṣirò kí ẹ̀rù má bà á. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, Nimotallahi àti ọmọ mẹ́ta mìíràn láti SS3 àátì wá sí ọ́fíìsì mi. Wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC tiwọn, ọ̀rọ̀ Ìṣirò yìí sì ti dà wọ́n lórí rú. Ẹlòmíràn sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é, ẹlòmíràn ní kí wọ́n má ṣe é, ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá tiẹ̀ bọ́, wọ́n á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á sì so ó pọ̀. Safurat wà ní kọ̀rọ̀, ó ń gbálẹ̀.

“Mà,” Nimotallahi ní, “ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè máa so ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi pé?”

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo ẹnu mi, bí wọ́n ṣe máa ń wò ó láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-ìwé yẹn. Ẹ wò ó, mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo mọ̀ ọ́n. Mo la ẹnu.

“Ẹ má bi wọ́n.”

Safurat ti nàró. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọn ò mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Nímọ̀, ìgbà mọ́kànlá ni mo ti ṣe Ìṣirò tó o rí yẹn, mẹ́wàá n'Íjàyè, tí mò ń sọ pé mo lọ kómọ. Nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo bi. Mísítà Ẹkúndayọ̀ wà ní stáfúrúùmù, ẹ lọ bi wọ́n. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ bi ọ̀gá. Ẹ bi àwọn yunifásítì fúnra wọn. Ẹ bi gbogbo ayé. Kẹ́ ẹ pariwo rẹ̀.”

Nimotallahi dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn yòókù ti ń jáde. Ó tẹ̀ lé wọn, ó sì ń wẹ̀yìn.

Ó ku àwa méjì. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún, Safurat kò já mi nírọ́ lójú ènìyàn rí, kò sì pariwo lé mi lórí rí. Kò tiẹ̀ pariwo lọ́jọ́ yẹn náà. Mo ń retí kó wò mí, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń bínú. Ó tẹ̀ ba, ó ń gbálẹ̀ bọ̀ láti kọ̀rọ̀ títí ó fi dé ìdí tábìlì mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “ẹ gbé ẹsẹ̀.”

Mo gbé ẹsẹ̀ mi sókè.